Daikoku, òrìṣà ẹ̀bá ààrò

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Jàpáànì, ère igi kékeré méjì a máa wà lórí pẹpẹ tó súnmọ́ ààrò. Èkíní ni Ebisu, apẹja tó mú ọ̀pá ìwọ̀ àti ẹja pupa dání. Èkejì ni Daikoku: ó dúró lórí ẹrù ìrẹsì méjì, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì mú òòlù ọlà lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wà lára àwọn òrìṣà oríire méje tí òkìkí wọn kàn ní àsìkò Edo (1603–1868). Nínú àwọn méje yìí, Ebisu nìkan ni ọmọ onílẹ̀. Láti Íńdíà àti Ṣáínà ni àwọn yòókù ti wá.

Daikoku ni ìtàn rẹ̀ jọ wá lójú jù. Mahakala ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, ìyẹn Dúdú Ńlá, ìtumọ̀ kan náà ni Daikoku sì ní. Òrìṣà abanilẹ́rù ni. Síbẹ̀, Yijing, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tó kúrò ní Ṣáínà ní 671, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun bá ère igi rẹ̀ nínú ilé ìdáná àwọn àlùfáà Íńdíà, tó mú àpò dání, tí wọ́n ń fi òróró pa títí tó fi dúdú. Ìtàn ní Saicho ló gbé e lọ sí òkè Hiei ní Jàpáànì, kí ó lè máa ṣọ́ oúnjẹ àwọn àlùfáà ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Okuninushi, òrìṣà ìbílẹ̀, nítorí pé àmì tí a fi ń kọ orúkọ ìyẹn ṣeé kà sí Daikoku. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú líle náà tú ká.

Àwọn àlùfáà arìnrìn-àjò bíi Mokujiki (1718–1810) gbẹ́ Daikoku. 1924 ni Yanagi Soetsu ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí ayé mọ iṣẹ́ Mokujiki. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ère inú ilé kò ní orúkọ agbẹ́gilére kankan lára. Èéfín ààrò nìkan ló wà lára wọn, ó ti wọ inú igi, ó sì ń dán. (Àwa tí a mọ ère ìbejì tí ọwọ́ ìyá àti osùn ti mú kí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, a ó tètè lóye èyí.) Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ kí ẹni tó ra irú ère bẹ́ẹ̀ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí igi lè mọ́. Ẹ̀rín yóò kù, òòlù yóò kù, ṣùgbọ́n dúdú tí òrìṣà náà ń jẹ́ láti Íńdíà yóò bá omi lọ.