Òfin Ìfarapa ní Amẹ́ríkà: Láti Ojú Títì dé Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà

Òfin ìfarapa ni ẹ̀ka òfin tó ń gba owó gbà-má-bìínú fún ẹni tó farapa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó farapa fúnra rẹ̀ ló ń pẹjọ́, tàbí ẹbí rẹ̀ bó bá ti kú, owó sì ni wọ́n ń bèèrè. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, débi pé ìjàm̀bá kan náà lè sọ èèyàn di olówó ní Kalifóníà, kó má sì fún un ní kọ́bọ̀ ní Máríláńdì.

Ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: pé ó jẹ́ ojúṣe ẹni tó pè lẹ́jọ́ láti ṣọ́ra, pé kò ṣọ́ra, pé àìṣọ́ra náà ló fa ìpalára, àti pé ìpalára náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Owó tí wọ́n ń bèèrè pín sí ti ilé ìwòsàn, ti iṣẹ́ tí èèyàn kò lè ṣe mọ́, àti ti ìrora, èyí tí kò ní rìsíìtì.

Ẹjọ́ kan tó dá lórí ọkọ̀ ló la ọ̀nà fún púpọ̀ nínú òfin yìí. Donald MacPherson ra ọkọ̀ Buick lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi igi ṣe, rún lórí ìrìn, MacPherson sì ṣubú, ó farapa. Buick ní òun kọ́ ni MacPherson ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé òun pàápàá ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni. Lọ́dún 1916, Adájọ́ Benjamin Cardozo kò gba àwíjàre yìí wọlé: ẹni tó bá ṣe ohun tó lè pani bí kò bá dára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tí yóò lò ó, wọn ì báà má rí ara wọn rí.

Lójú títì lónìí, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni owó sábà máa ń ti wá. Massachusetts ló kọ́kọ́ sọ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan, lọ́dún 1927. Títí di òní, New Hampshire kò sọ ọ́ di dandan fún gbogbo awakọ̀. Iye tí òfin ń béèrè kéré jù. Ní Tẹ́sáàsì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 dọ́là ni fún ẹnì kan tó farapa, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 fún gbogbo àwọn tó farapa nínú ìjàm̀bá kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo lè gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n awakọ̀ fi ń ra ìnṣọ́ránsì tí yóò bo òun fúnra rẹ̀ bí ẹni tó gbá a kò bá ní lọ́wọ́.

Ibi tí àwọn ìpínlẹ̀ ti yàtọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi díẹ̀ nínú ìfarapa ara rẹ̀. Láti ọdún 1847 ni Máríláńdì ti gbà pé ẹni tó bá ní ẹ̀bi, bó ti wù kó kéré mọ, kò ní gba nǹkan kan. Wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ gíga ibẹ̀ yí i padà lọ́dún 2013, ó kọ̀. Fàjíníà, North Carolina àti Alabama náà ń lò ó, mo sì rí i bí òfin ìkà: ẹni tó bá fi ìka kan jẹ̀bi ń ru ẹrù odidi ọwọ́. Ní Tẹ́sáàsì, ó dìgbà tí ẹ̀bi rẹ bá ju ìdajì lọ kó tó di pé o pàdánù. Láti ọdún 1975 ní Kalifóníà, ẹni tó jẹ̀bi ìdá 90 nínú 100 ṣì lè gba ìdá 10 tó kù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ èyí. Lọ́jọ́ kejì ìjàm̀bá, òṣìṣẹ́ wọn lè pè, kó máa gba ohùn sílẹ̀, kó sì fi sùúrù béèrè pé ara ń kọ́. Ọmọ Yorùbá tí ọrùn ń dùn bí ẹni máa kú á dáhùn pé, “A dúpẹ́, ara le.” Ìdáhùn yẹn lè padà wá bá a ní kóòtù.

Àkókò náà ní òpin: ọdún kan ni Tennessee fúnni láti pẹjọ́ ìfarapa, Tẹ́sáàsì àti Kalifóníà fúnni ní méjì, Máríláńdì ní mẹ́ta. Ní ti lọ́yà, ẹni tí kò lówó náà lè rí ọ̀kan gbà, nítorí pé bí oníbàárà wọn bá jàre ni wọ́n tó ń gba tiwọn, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Láti ìgbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ti fàyè gba ìpolówó àwọn lọ́yà lọ́dún 1977 ni àwòrán wọn ti kún ẹ̀gbẹ́ títì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ wọ̀nyí kì í dé iwájú adájọ́. Wọ́n á ti dúnàádúrà rẹ̀ tán.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójijì, ojú sì máa ń wà níbẹ̀. Àìbìkítà inú ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ń jẹni díẹ̀díẹ̀, ẹni tí àìbìkítà náà sì ń jẹ lè máà rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ká tó wá sọ pé yóò jẹ́rìí. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ sójú kan ń fà ni ẹ̀rí tí lọ́yà kọ́kọ́ máa ń wá. Bí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ kò bá rí ẹni yí i ní wákàtí méjì méjì, bí àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibi tí egungun ti tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Awọ á pọ́n, á bó, á jìn. Ní ìpele kẹrin, egungun lè yọ síta. Lára èèyàn dúdú, pípọ́n àkọ́kọ́ yẹn kì í tètè hàn, ìyẹn ni pé egbò lè ti jìn kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí nígbàkigbà tí wọ́n bá yí aláìsàn ni ẹlẹ́rìí tó kù, ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló sì wà. Lọ́yà tó gbọ́n á wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n yí màmá, pé màmá jẹun tán, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni màmá sùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston àti Máríláńdì mọ ìwé yìí dáadáa, wọ́n sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí àwọn aláìsàn bá pọ̀ ju ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn lọ. Ẹni tó ni ilé náà ni ẹjọ́ sábà máa ń bá, torí pé ẹni tó gbani síṣẹ́ ló ń dáhùn fún ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1987 ni òpó ọ̀rọ̀ yìí. Ó de gbogbo ilé ìtọ́jú tó ń gba owó Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) tàbí Medicaid (ti àwọn aláìní): wọn kò gbọ́dọ̀ so àgbàlagbà mọ́lẹ̀ tàbí fún un lóògùn oorun kí iṣẹ́ lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àyẹ̀wò ìjọba kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 15 lọ kó tó tún wáyé. Lọ́dún 2023, nínú ẹjọ́ Talevski tó wá láti Indiana, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní olùgbé ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti ìjọba lè fi ẹ̀tọ́ wọ̀nyí pẹjọ́.

Nínú ìwé tí ẹbí ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gba bàbá wọlé, wọ́n lè ti ki ìlérí bọ̀ ọ́ pé ìjà èyíkéyìí kò ní dé kóòtù, iwájú onílàjà aládàáni ni yóò parí sí. Láti ọdún 2019, ìlànà ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sọ ìlérí yẹn di dandan kí wọ́n tó gbà á, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti yí ọkàn padà. Tẹ́sáàsì gba ọ̀nà mìíràn: òfin ọdún 2003 ní owó ìrora kò gbọ́dọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 dọ́là lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú kan. Àgbàlagbà kò ní owó oṣù tó pàdánù, ìrora ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó lè fi bèèrè owó, òun gan-an sì ni wọ́n fi ìdérí dé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Irma ba iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìtọ́jú kan ní ìlú Hollywood, ní Flọ́rídà, jẹ́. Ooru mú àwọn olùgbé ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ilé ìwòsàn ńlá sì wà nítòsí gan-an. Ikú àwọn méjìlá ni ìjọba kà sí ìpànìyàn. Lọ́dún 2018, Flọ́rídà ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ìtọ́jú ní jẹnẹrétọ̀ àti epo tó lè mú ilé tutù fún wákàtí 96. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Wọ́n fagi lé ti àwọn mẹ́ta, adájọ́ sì dá alábòójútó sílẹ̀ lọ́dún 2023. Ẹjọ́ ọ̀daràn ń béèrè ẹ̀rí tí kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ ìfarapa, ó tó kí ẹ̀rí olùpẹjọ́ fi díẹ̀ wúwo ju ti ẹnìkejì lọ.