Lágídígba: Ọ̀ṣọ́ Àfọwọ́ṣe Inú Ilé ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Nínú gbogbo orí-ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ Àṣà nínú ìlànà-ẹ̀kọ́ Yorùbá, ó ṣòro láti rí èyí tí a ń yára kọ́ kọjá tó "Oge Ṣíṣe". A ó dárúkọ làálì, tìróò, osùn, irun dídì àti etí lílu. A ó dé orí ìlẹ̀kẹ̀, a ó sì ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka owó ẹyọ: iyùn, sẹ̀gi, akún, bèbè, lágídígba. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, olùdánwò yóò fún un ní máàkì, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Inú iná ni òmíràn ti wá, inú òkúta ni òmíràn ti wá, ẹ̀yìnkùlé ni òmíràn sì ti wá, níbi tí a ń da èèpo èkùrọ́ sí. Ti ẹ̀yìnkùlé yìí ni mo fẹ́ sọ ní pàtàkì, kí n sì fi ilẹ̀ Ìbàràpá ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni obìnrin lè ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dé òpin láìjáde ní agbo ilé rẹ̀. Òun náà sì ni ìtàn kíkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Ìlẹ̀kẹ̀ iná àti ìlẹ̀kẹ̀ òkúta

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti àwọn méjì yòókù ní ṣókí. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní òpin 1910, ó rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ gan mọ́ nínú ní Igbó Olókun. Ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí kò tó o. Ó lọ so ọgbọ́n àwọn ará Ifẹ̀ mọ́ Atlantis, ilẹ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pa ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbà pé gíláàsì tí a kó wá láti òkèèrè ni wọ́n kàn ń yọ́ ní Ifẹ̀ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Abídèmí Babátúndé Babalọlá ni ó gbẹ́ ilẹ̀ náà ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ ju 12,000 lọ, ó sì bá ọ̀pọ̀ àjẹkù iṣẹ́ gíláàsì pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ohun tí ó wà nínú gíláàsì náà fi hàn pé ó yàtọ̀ sí ti àwọn Lárúbáwá àti ti Yúróòpù, àti pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ jù. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ṣì ń sọ ní kíláàsì pé òyìnbó ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì dé ilẹ̀ wa, ìwé àtijọ́ ni ó ń kà.

Ní ti òkúta, Ìlọrin ni olórí. Làntànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a ń gbẹ́ láti ara òkúta líle, iṣẹ́ ọkùnrin ni, ìdílé-dídílé ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìtàn àwọn tí ó ń ṣe é ni pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni iṣẹ́ náà ti bá àwọn baba wọn dé Ìlọrin nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ayédèrú onígíláàsì tí ó ń ti Yúróòpù wá wà lára ohun tí ó pa iṣẹ́ náà ní ọ̀rúndún ogún.

Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, ìyẹn Igbó-Ọrà, Erúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, ọjà ni irú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yìí gbà wọlé. Ẹni tí ó bá lówó ni ó ń rà wọ́n. Àgbẹ̀ àti aya àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní Ìbàràpá, àwọn náà sì ní ọmọbìnrin tí ó ń bá egbé lọ sí ọjà àti sí ojú agbo. Kí ni wọ́n ń fi sí ìdí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?

Iṣẹ́ èkùrọ́

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó pẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́, tí í ṣe ará ọ̀dọ̀ Ìbàràpá méjèèjì, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó ṣètò rẹ̀ fún títẹ̀, a sì mú un jáde ní 1921. Nínú ìwé náà, ó ka ìlẹ̀kẹ̀ ṣíṣe láti ara èèpo èkùrọ́ àti ti àgbọn mọ́ àwọn iṣẹ́ pàtàkì tí obìnrin ń ṣe, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ bí òwú ríran àti aró rírẹ. Kò sọ ọ́ gùn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ó tò ó sí: kò tò ó sí ara eré ọwọ́ dilẹ̀, bí àwa ti ń ṣe lónìí, ara iṣẹ́ tí ó ń mú owó wọlé ni ó tò ó sí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń wí náà ni lágídígba.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó pa èkùrọ́, a ó jẹ ọmọ inú rẹ̀ tàbí kí a fi ṣe àdín, a ó sì ṣa àwọn èèpo tí ó nípọn tí kò là. A ó ṣẹ́ èèpo náà sí wẹ́wẹ́, bí èékánná ìka ọwọ́ kékeré, láìbìkítà bóyá igun rẹ̀ ṣe gọ́ngọ́. A ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó sín wọn mọ́ okùn líle, a ó fà wọ́n le títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúró gbọn-in bí ọ̀pá. Ọ̀pá onígun púpọ̀ yìí ni a ó máa yí lórí òkúta, pẹ̀lú omi àti iyanrìn, títí gbogbo igun yóò fi jẹ tán, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò sì rí roboto, tí wọn yóò dọ́gba. A ó wá fi epo pa á, yóò sì máa dán dúdú.

Ohun tí ó yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ihò ni ó ṣáájú ìrísí. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí yóò rò pé a ó kọ́kọ́ sọ èèpo di roboto kí a tó lu ú. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ìka mú ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta? Okùn ni ó mú kí ọgọ́rùn-ún ẹyọ di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba sùúrù: bí ẹyọ kan bá nípọn tó mìlímítà 2, ìdí tí ó yí ká ní sẹ̀ǹtímítà 80 yóò gba 400 ẹyọ fún okùn kan ṣoṣo, ọmọge tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í sì í so okùn kan. 400 ihò nìyẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀ lílọ̀.

Níbí ni iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí akọ́mọlédè ti wọ ọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ "ṣe ìlẹ̀kẹ̀" fún ohun gbogbo. Èdè náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ń pa èkùrọ́, a ń ṣẹ́ èèpo, a ń lu ú, a ń sín in, a ń lọ̀ ọ́, a ń so ó mọ́ ìdí; bí okùn bá sì gbó, ìlẹ̀kẹ̀ a já. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan dúró fún ìpele kan. "Sín" ni ó tún gba àkíyèsí jù: ìlẹ̀kẹ̀ tí a rà lọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń sín in, nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Lágídígba, ẹ̀ẹ̀mejì ni. A ó sín in láti lọ̀ ọ́, a ó tún un sín láti so ó. Nígbà tí ó jẹ́ pé sínsín nìkan ni ó kù nínú iṣẹ́ náà ní ilé, "sín" ti jẹ gbogbo àwọn arákùnrin rẹ̀ yòókù, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì fi okùn gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ oníke kọjá ti rò pé òun ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Òwe wa pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bèbèrè kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, a ń kọ́ wọn ní ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń sọ fún wọn pé ìyá tí òwe náà ń bá wí lè jẹ́ ẹni tí ó jókòó lu ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà fúnra rẹ̀?

Ère ìbejì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Lágídígba ti kúrò ní ìdí àwọn ọmọge. Síbẹ̀ ibì kan wà tí ó ṣì wà, àwọn ará Igbó-Ọrà ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú kàn án. Gbogbo ayé mọ Igbó-Ọrà sí ìlú ìbejì. Ìwádìí tí Nylander ṣe níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé ìbejì tó nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ. Níbi tí ìbejì bá pọ̀, tí ikú ọmọdé sì pọ̀ bí ti àtijọ́, ère ìbejì yóò wà. Ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá kú a gbẹ́ ère fún un, a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á, a sì máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, lọ́wọ́ àti ní ìdí.

Ọ̀pọ̀ ère bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí, tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ dúdú roboto sì wà ní ìdí wọn bí ìyá wọn ti so ó. Àwọn onímọ̀ a máa wo ojú ère, ilà rẹ̀ àti irun rẹ̀, wọn a sì sọ ìlú tí gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ ti wá. Nígbà mìíràn wọn a mọ orúkọ ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá dé orí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, wọn a kọ ọ́ pé èèpo àgbọn ni, ó tán. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi àgbọn ṣe é pẹ̀lú. Johnson sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí òkun ni ilé àgbọn. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí Ìbàràpá, ọ̀pẹ ni ó wà nítòsí obìnrin, èkùrọ́ ni mo sì gbà pé yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ère kan, òṣìṣẹ́ méjì: ọkùnrin tí ó gbẹ́ igi, obìnrin tí ó lọ̀ ìlẹ̀kẹ̀. A kọ ìwé lórí ọ̀kan, a kò tilẹ̀ bi ekejì ní orúkọ.

Kí ni ó wá pa iṣẹ́ náà? Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, òwò èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, ìlú Hamburg ní Jámánì sì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni pípa èkùrọ́ ti di ọ̀nà tí obìnrin ń gbà rí owó tirẹ̀. A lè rò pé bí èèpo ti ń pọ̀ sí i ni lágídígba yóò máa pọ̀ sí i. Owó náà ni kò jẹ́. Obìnrin tí ó ta ọmọ inú èkùrọ́ lè fi owó rẹ̀ ra ìlẹ̀kẹ̀ Venice tàbí ti Bohemia, tí ó ní oríṣìíríṣìí àwọ̀, tí ẹlòmíràn sì ti lu ihò rẹ̀. Èrò tèmi ni pé èkùrọ́ kan náà ni ó bí lágídígba tí ó sì pa á. (A máa ń sọ pé èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà, ẹwà tí kò ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ níwájú ni èkùrọ́ bá kú níbí.) Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ oníke dé, kò sí ohun tí ó kù fún un láti pa.

Fún kíláàsì àti ìdánwò

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun fi ọwọ́ kan ìtàn yìí kò nílò owó. Fún àwọn ọmọ kékeré, ewé ẹ̀gẹ́ tó. A ó ṣẹ́ ọ̀pá ewé náà díẹ̀, a ó fà á kí awọ rẹ̀ lè là, a ó ṣẹ́ ẹ sí òdìkejì, títí yóò fi di ẹ̀gbà ọrùn alápá méjì tí ewé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàràpá mọ̀ ọ́n ṣe kí olùkọ́ tó dé. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ó ti pẹ́ tó: àwọn Potogí ni ó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó sì pẹ́ kí ó tó tàn ká àárín ilẹ̀ wa, nítorí náà ọ̀ṣọ́ ọmọdé yìí kò lè dàgbà ju ẹ̀gẹ́ oko bàbá wọn lọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi wérénjéjé sín ẹ̀gbà, bí pupa àti dúdú rẹ̀ ti wulẹ̀ kí ó wuni tó. Bí a bá lu ihò sí i, májèlé inú rẹ̀ ti rí ọ̀nà jáde, ẹyọ kan tí ọmọdé bá rún lẹ́nu lè pa á.

Fún àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ márùn-ún-márùn-ún mú èèpo èkùrọ́ wá láti ilé, kí wọ́n sì ṣe ogún ẹyọ péré. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní tó wọn. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn àgbà irú okùn tí a fi ń sín in àti orúkọ tí ìlú tiwọn ń pe irin tí a fi ń lu ú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìyá náà bá ti pè é, ní ẹ̀ka-èdè Ìbàràpá, láìtún un ṣe.

Ní ti ẹ̀yin olùdánwò, ìbéèrè "Dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún" ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó tó kí ó sinmi. Ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ méjì, kí wọ́n sọ ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń ṣe é, àti ẹni tí ó ń lò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣíṣe, kí a tó fún un ní máàkì tàbí kí a fà á lé e, kí a wo irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó dárúkọ: bí ó bá jẹ́ làntànà, ó gbà á, bí ó bá jẹ́ lágídígba, ó ṣì í.