Anton Rubinstein, ẹni tí ó fi pìánò àti ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ni

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnìkan bá lu orin tí ẹ kò gbọ́ rí fún yín, tí kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ni ẹ ó mú lọ sílé? Anton Rubinstein ará Rọ́ṣíà mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Wọ́n bí i ní ọdún 1829, ó kú ní 1894. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pìánò, ohun èlò orin ńlá tí ó ní okùn irin nínú, tí a ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ̀.

Ní ìgbà náà, ẹni tí ó fi orin ṣe iṣẹ́ kò ní ipò nínú òfin Rọ́ṣíà. Rubinstein fúnra rẹ̀ ròyìn bí ó ti lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní St. Petersburg. Ẹni tí ń kọ orúkọ bi í pé irú ènìyàn wo ni. Ó ní olórin ni òun. Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni? Rárá. Wọ́n wá bèèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ oníṣòwò. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ilẹ̀ òkèèrè ni o!

Ní 1862, ó dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní ìlú náà, ó sì ní èdè Rọ́ṣíà ni wọn yóò fi kọ́ni. Ó ya obìnrin ọlọ́lá kan lẹ́nu gidigidi: orin, ní èdè Rọ́ṣíà? Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlànà orin ní láti wá àjèjì tí yóò kọ́ ọ, tàbí kí ó lọ sí Jámánì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní èdè yín, ìyanu obìnrin náà kò lè ṣàjèjì sí yín.

Ní 1872 sí 1873 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó tẹ pìánò nígbà 215 láàárín ọjọ́ 239. Ó pa owó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i; bí iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni ó rí lójú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ní 1885 sí 1886 ni mo kà sí jù. Ó fi alẹ́ méje tẹ ìtàn orin pìánò láti ìbẹ̀rẹ̀: láti ọ̀dọ̀ William Byrd, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1623, títí dé àwọn ará Rọ́ṣíà ìgbà tirẹ̀. Alẹ́ kejì, Beethoven nìkan ni, iṣẹ́ ńlá mẹ́jọ! Ní Moscow, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn olówó ń sanwó wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Rachmaninoff, tí ó di ọ̀gá nídìí pìánò lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà. Ó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, etí nìkan ni wọ́n fi gbà á. Ní 1888 sí 1889, Rubinstein fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó jókòó sídìí pìánò níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹni tí ó ṣe orin, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì tún ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ju orin lọ.

César Cui, tí ó ti bá ilé ẹ̀kọ́ náà jà láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó kọ àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀, tí wọ́n fi di ìwé. Ní 1890, wọ́n gba ohùn Rubinstein sínú ẹ̀rọ ìgbohùn, gbólóhùn kúkúrú kan péré, ó sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó gba bí ó ti ń tẹ pìánò.