Dátà, Dọ́là àti Fíìmù Àgbéléwò: Ohun Tí Iṣẹ́ Jason Njoku Fi Hàn Nípa Òwò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ojú ọ̀nà Oba Akran títí wọ Acme Road àti Wempco Road ní Ọgbà, lágbègbè Ikẹjà ní Èkó, oríṣi ilé-iṣẹ́ méjì ló ti jọ ń gbé pọ̀ tipẹ́. Àwọn kan ń ṣe ohun tí a lè fọwọ́ bà: Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ládùúgbò yìí lọ́dún 1962, Dunlop sì ń ṣe táyà. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni àwọn yòókù ń ṣe: ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Agídíngbì, ìwé ìròyìn Tell fi Ìjàyè Road ṣe ibùjókòó, Daily Independent sì wà ní Wempco Road. Lọ́dún 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Láti ìgbà náà ni èrò kan ti ń gbilẹ̀ pé ayé ẹ̀rọ ńláńlá ti lọ, pé òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù, nítorí pé kò gba ilẹ̀, kò sì gba irin. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ Jason Njoku, olùdásílẹ̀ iROKOtv, ìkànnì tó ń fi fíìmù Nàìjíríà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yẹ èrò yìí wò. Ohun tí mo rí ni pé ohun tó lé Dunlop kúrò ní Ikẹjà ló lé iROKOtv náà kúrò lọ́jà Nàìjíríà.

London ni wọ́n bí Njoku sí lọ́dún 1980. Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Manchester, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn kógbá wọlé, ó sì padà sílé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé fíìmù Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀ ń wò, àti pé ó ṣòro fún ará òkè òkun láti rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bastian Gotter, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Manchester, yọ owó ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2010, Njoku wá sí Èkó, ó ń bá àwọn tó ni fíìmù ṣe àdéhùn, ó sì ń gbé fíìmù wọn sórí YouTube lábẹ́ orúkọ NollywoodLove. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 2011, ó ti ṣí iROKOtv.

Àdéhùn yẹn gan-an ni kókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ sábà máa ń tẹnu mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tí fíìmù àgbéléwò ti gbòde, kásẹ́ẹ̀tì ni òwò náà: máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Alábà á sanwó fún purodúsà, á tẹ páálí, á sì kó ọjà síta. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé fíìmù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó kà á sí ohun títà. Njoku wá béèrè ìwé: ta ló ni fíìmù yìí, ọdún mélòó ni ó fẹ́ fi ẹ̀tọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀? Ó ń ra ohun tí àwọn tó ni ín kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò àti akọ̀wé ni èyí ju iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ, mo sì gbà pé òun ni ohun tó níye lórí jù lọ nínú gbogbo ohun tó ṣe. Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Owó kan ṣoṣo tó ń san fún sáà àdéhùn mú kí purodúsà wà níbi tó wà lọ́dọ̀ máàkẹ́tà. Bí fíìmù rẹ̀ bá gbayì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, èrè yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Owó wọlé lóòótọ́. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò Tiger Global fi mílíọ̀nù 8 dọ́là sí iROKO, ilé-iṣẹ́ tó ni iROKOtv. Lọ́dún 2016, mílíọ̀nù 19 dọ́là tún wọlé, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé àti Kinnevik ti Sweden sì wà lára àwọn tó kó o sílẹ̀. Àwọn ará òkè òkun ló ń san owó oṣù déédéé. Ọjà ilé ló le. Njoku mọ̀ pé dátà ni ìṣòro. Ìdí nìyẹn tó fi kó àwọn oníbàárà Áfíríkà sórí fóònù Android, kí wọ́n lè gba fíìmù sílẹ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ó tún gbé àwọn ìsọ̀ kéékèèké sí Èkó, níbi tí ènìyàn ti lè gba fíìmù sórí fóònù láìjẹ dátà rárá. Ká ronú sí i dáadáa: ẹni tó ń ṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì ló padà sí ìdí àtẹ láàárín ìgboro.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwa ará Nàìjíríà kò fẹ́ràn láti sanwó fún ohun ìdárayá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Agége sanwó wo sinimá ní Pen Cinema. Àwọn ará Ọgbà háyà kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ra VCD, wọ́n sì ń sanwó wọlé wo bọ́ọ̀lù títí di òní. Ohun tó yàtọ̀ ni pé owó méjì ni ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù ń san, owó fíìmù àti owó dátà, owó dátà sì lè ju owó fíìmù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Lọ́dún 2012, nǹkan bí 155 náírà ni dọ́là kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó ìdókòwò ní dọ́là, tó sì ń gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà, wà nínú wàhálà: bó bá fowó kún un, oníbàárà á sá, bí kò bá fi kún un, gbèsè ni. Lásìkò àrùn kòrónà lọ́dún 2020, iROKO dá 150 òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà tó di 2023, ó ti fi ọjà Nàìjíríà sílẹ̀. Njoku fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí òun ti ná lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Amazon Prime Video náà dẹ́kun fífowó sí fíìmù tuntun ní Áfíríkà. Iná mànàmáná tó wọ́n àti táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà ló mú Dunlop. Ọ̀rọ̀ iná yìí kan náà, ìyẹn dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé òpó íntánẹ́ẹ̀tì dúró tó sì ń mú kí dátà wọ́n, àti dọ́là ló mú iROKO. Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀: Dunlop kò lè gbé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá oníbàárà ní London, àmọ́ iROKOtv lè ṣe é, ó sì ṣe é.

Apá tó tà jù nínú iṣẹ́ náà kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mary Njoku, ìyàwó Jason tó jẹ́ òṣèré, ló dá ROK Studios sílẹ̀ lọ́dún 2013. ROK ya fíìmù tirẹ̀, ó sì gbé e jáde lórí DStv àti Sky, níbi tí òǹwòran kò ti nílò dátà. Òun ni Canal+ rà lọ́wọ́ iROKO lọ́dún 2019. Nígbà tí Canal+ tún wá gba MultiChoice, tó ni DStv, lọ́dún 2025, fíìmù àti ọ̀nà tó ń gbà dé ilé wa bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan náà.

Àwọn onífíìmù Yorùbá tó ń gbé iṣẹ́ wọn sórí YouTube lónìí kò dúró de olùdókòwò kankan. Google ń sanwó fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìpolówó ọjà ṣe níye lórí níbi tí òǹwòran wà, nítorí náà òǹwòran kan ní Peckham ní London lè mówó wọlé ju ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Agége lọ. Ìṣòro tí Njoku bá pàdé kò tíì kúrò nílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ wá rà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2010 ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, kò sì pọn dandan kí wọ́n tà á mọ́.