Iléeṣẹ́ Ìwé Ìròyìn Ni Django Ti Wá

Lọ́dún tó kọjá, mo pinnu láti kọ́ Django, kí n lè fi ṣe wẹ́búsáìtì kékeré kan fún ètò yìí. Fídíò kan lórí YouTube ni mo ń wò. Gbogbo ohun tí olùkọ́ inú rẹ̀ tẹ̀ ni mo tẹ̀, àmọ́ ìlà pupa kò kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: url. Odidi ọjọ́ mẹ́ta! Dátà tán, iná lọ, mo sì ti gbà pé olódo ni mí.

Ìtàn Django gan-an ló là mí lójú. Ní 2003, Adrian Holovaty àti Simon Willison ń bá ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ oníròyìn: olóòtú lè ní kí ojú ìwé tuntun ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ni wọ́n bá ń kó kóòdù tí wọ́n ń lò léraléra jọ. Ìyẹn ló di Django, tí wọ́n gbé síta fún gbogbo ayé ní oṣù Keje, 2005. (Django Reinhardt, onígìtá nì, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.)

Ibi tí kóòdù rẹ̀ wà náà ni ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ wà. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún un, wàá kọ àlàyé rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé path ti dé láti inú Django 2.0 ní 2017, àti pé wọ́n yọ url kúrò pátápátá nínú 4.0, ní oṣù Kejìlá 2021. Fídíò mi ti gbó!

Ìlà pupa yẹn ò tiẹ̀ purọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣe editor ní láti kọ́ ọ ní èdè kóòdù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2016, Microsoft gbé Language Server Protocol jáde, tí ètò kan ṣoṣo tó gbọ́ Python fi lè máa bá oríṣiríṣi editor sọ̀rọ̀. Editor mi ń pariwo òótọ́, èmi ni mi ò gbọ́.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìtọ́sọ́nà náà, ibẹ̀ lẹ ti máa yan ẹ̀dà tiyín. Ẹ tún lè gba odidi rẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ máa kà á láìsí dátà. Inú dáńfó ni mo ti ka apá kẹta tèmi.