Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Pílánù? Àkọlé Àwòrán Ilé àti Ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó

Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kì í gbó: orúkọ ta ni ó wà lórí pílánù? Bí a bá tẹ́ pílánù ilé tàbí ti ilẹ̀ sílẹ̀, àlejò yóò kọ́kọ́ wo ilà, yóò wo igun, yóò wo bí ilé ṣe kọjú sí òpópó. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àti àgbà ẹbí kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí ni ojú wọn máa ń lọ: orúkọ ẹni tí ó ni ín, àdúgbò tí ó wà, ìwọ̀n tí a fi yà á, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí a yà á, àti orúkọ ẹni tí ó yà á. Àpapọ̀ àwọn wọ̀nyí ni àkọlé. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń fúnra rẹ̀ kọ púpọ̀ nínú wọn. Kí a tó lè mọ èrè àti ewu tí ó wà nínú èyí, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí àkọlé gbà wọ Èkó.

Ní ayé àtijọ́, ẹnu àwọn àgbà ni pílánù. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀, ni wọ́n ń fún ẹni tí ó bá wá tọrọ ní ibi tí yóò gbé. Igi, kànga, etí ọ̀sà àti ògiri aládùúgbò ni ààlà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ni ẹlẹ́rìí. Orúkọ ibùdó pàápàá a máa tọ́jú ìtàn. Àwọn àgbà sọ pé orí oko ata Arómirẹ́ ni a kọ́ Ìga Ìdúngànrán sí, àti pé oko ata náà ni orúkọ ààfin ń tọ́ka sí ní èdè Ẹ̀dó.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ìhalẹ̀ ọkọ̀ ogun, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ọdún 1863 ni ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ wò, tí ó sì ń fún wọn ní ìwé tí a ń pè ní Crown Grant. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí baálé tí ó gba ìwé náà jẹ́ alábòójútó fún gbogbo agboolé, ṣùgbọ́n ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí baálé bá kú, ọmọ rẹ̀ a ní ti baba òun ni. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ a ní ti ẹbí ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ẹjọ́ fi gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1885, W. T. G. Lawson, tí ó jẹ́ igbákejì awọnlẹ̀ ìjọba, ya pílánù ìlú Èkó. Àkọlé pílánù náà sọ ìdí tí a fi yà á: ìpàtẹ ńlá ti ọdún 1886, èyí tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ni a ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ ni èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Ẹni tí ó bá fo àkọlé yóò rò pé ìlú nìkan ni òun ń wò; ẹni tí ó bá kà á yóò mọ ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ inú àkọlé náà ṣe pàtàkì. Òpópó tí a ń pè ní Victoria Street nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti di Nnamdi Azikiwe Street. Bí pílánù kan kò bá ní ọjọ́, ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé òpópó méjì ni.

Ọmọ Èkó kan tí ó mọ agbára ìwé ni Herbert Macaulay. Ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní Plymouth láàrin ọdún 1890 sí 1893, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1898, ó sì di awọnlẹ̀ aládàáni. Ní ọdún 1920 ó bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre: ti gbogbo agbo ni ilẹ̀ náà, alábòójútó ni olóyè jẹ́, owó gbà-má-bínú sì gbọ́dọ̀ bá odindi ẹ̀tọ́ onílẹ̀ mu. Ìtumọ̀ èyí ni pé orúkọ kan lórí ìwé lè ru ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ẹgbẹ́ atúnlùúṣe kan, Lagos Executive Development Board, sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955 ni ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé náà. Lójú pílánù, nọ́ńbà ni ilé kọ̀ọ̀kan. Lójú àwọn tí a bí síbẹ̀, ilé baba wọn ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú bá dé, ìbéèrè àtijọ́ náà ni ó tún ń jí dìde.

Títí di òní, ìwé ilẹ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń sọ pé ilẹ̀ tí a ń sọ ni èyí tí a fi ilà pupa yí ká lórí pílánù nọ́ńbà báyìí báyìí. Nọ́ńbà yẹn ni okùn tí ó so ìwé mọ́ ilẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí, okùn já.

Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kọ gbogbo èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ayàwòrán a tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pákó, a fi kálàmù àti tàdáwà dúdú kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó tọ ojú ihò lẹ́tà tí a gé sára ike. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni yóò kọ orúkọ onílé. Kò ṣòro kí lẹ́tà kan yàtọ̀ ní ojú ìwé keje. Bí ó bá ṣìṣe, abẹ ni yóò fi ha á kúrò. Ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara: ẹni tí ó bá gbé bébà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ yóò rí ibi tí a gbé yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní 1963 ni Ivan Sutherland fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ènìyàn lè ya àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Ètò AutoCAD jáde ní 1982. Ní ọdún kan náà ni a dá ilé-iṣẹ́ Graphisoft, tí ó ṣe ArchiCAD, sílẹ̀ ní Budapest. Nínú irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀, ayàwòrán lè kọ orúkọ onílé sí ibì kan ṣoṣo. Inú àkọlé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àmì kan ni a fi síbẹ̀ tí yóò lọ mú orúkọ náà wá. Bí a bá tún un ṣe níbi kan, gbogbo ojú ìwé ni ó tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà, ìwọ̀n àti ọjọ́. Àṣìṣe ojú ìwé keje ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tan òtítọ́ kálẹ̀ kíákíá lè tan àṣìṣe kálẹ̀ bákan náà. Bí ayàwòrán bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lórí ẹ̀dà iṣẹ́ àtijọ́, tí ó sì gbàgbé láti yí orúkọ padà, orúkọ onílé àná ni yóò wà lórí gbogbo àwòrán onílé òní. Bí a bá fi àmì ọjọ́ sí àkọlé, a lè ṣí àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kí ọjọ́ òní sì wà lára rẹ̀, láìsí àpá abẹ kankan. Àwọn irú lẹ́tà kan kò sì mọ ẹ, ọ àti ṣ tí ó ní àmì nísàlẹ̀. Àmì ìbéèrè ni wọ́n ń fi dípò wọn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ OJO lásán, tí ẹni tí ń kà á kò fi mọ̀ bóyá Òjó tí í ṣe orúkọ ènìyàn ni, tàbí Ọjọ́ tí í ṣe ìlú.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kọ̀ǹpútà lè sọ ọmọ lórúkọ nígbà ẹgbẹ̀rún láìṣì í pè, ṣùgbọ́n kò lè wo ilé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ orúkọ náà ni ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ti ẹnì kan ni ilẹ̀, tàbí ti ẹbí, kí ó sì ka àkọlé náà sí etí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí ó tó lu òǹtẹ̀. Lọ́dún 1863, akọ̀wé kan lè kọ orúkọ kan kí ẹjọ́ rẹ̀ má sì tán títí àwọn ọmọ-ọmọ fi dàgbà. Àwọn tí yóò ya àwòrán Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́la wà nínú kíláàsì lónìí. Irú ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, kí ilà tó kan bébà.