Níbo Lọmọ Máa Dé Sí? Ìtàn Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, Ọmọ Abẹ́òkúta Tó Wá Ilé Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Lọ́ńdọ̀nù



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí gúrúùpù wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ààyè lọ fi oṣù mẹ́fà kàwé ní yunifásítì kan ní ìlú Òyìnbó, irú ètò tí ilé ẹ̀kọ́ méjì fi máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Físà ti jáde, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n yàrá tí ilé ẹ̀kọ́ fún un kò ní ṣófo títí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá dé. "Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbà á sílé?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́ta ti dáhùn.

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ìbéèrè yìí, níbo lọmọ máa dé sí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òbí nílé wa ti ń bi ara wọn, àti pé ọmọ Abẹ́òkúta kan wà tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀ wá ìdáhùn sí i. Mo bi èèyàn mẹ́fà lórí gúrúùpù bóyá wọ́n mọ Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Àwọn ọmọ wa tó kàwé lókè òkun tí orúkọ wọn yá sí wa lẹ́nu kò kéré. Ẹ mú Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1900, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School, ní 1919 ló sì kọjá sí England, sí ilé ẹ̀kọ́ Wincham Hall ní Cheshire. Frances Abigail ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń lọ. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká náà gba Ìbàdàn lọ sí Leeds ní 1954. Àwọn wọ̀nyí, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an mọ̀ wọ́n.

Ọdún 1922 tí Fúnmiláyọ̀ padà dé náà ni Ṣólàńkẹ́ lọ. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Nǹkan bí 1886 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta, ó ti kàwé ní St Andrew's, Ọ̀yọ́, ó ti lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ó sì ti ṣe tíṣà ní Sàró. Bàbá ọmọ ọdún bíi mẹ́rìndínlógójì ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ di lọ́yà.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. University College ti Ìbàdàn kò dé títí di 1948. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́yà ní tiwa kò sì bẹ̀rẹ̀ títí a fi gba òmìnira tán. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, Lọ́ńdọ̀nù ni dandan. Ìdánwò nìkan kọ́ o. Ní àwọn Inns of Court, àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó jẹun alẹ́ iye ìgbà tí òfin là sílẹ̀ kí wọ́n tó lè pè é ní lọ́yà. (Oúnjẹ alẹ́ Òyìnbó, ẹ̀yin ará! Kò sí láfún, kò sí ewédú.) Mọ̀lẹ́bí nílé á ta ohun tó bá ṣeé tà, wọ́n á dáwó jọ, ọmọ á lọ. Á dé Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù, á rí ilé tí wọ́n kọ sí ojú fèrèsé rẹ̀ pé yàrá wà, á kan ilẹ̀kùn. Ìyá onílé á yọjú, á wo àwọ̀ ara ẹ̀, á ní yàrá ti tán. Á lọ sí ilé kejì, á tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ilé tó bá sì gbà á, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lè ju ti ẹlòmíì lọ.

Ṣólàńkẹ́ jẹ nínú ìyà yìí. Owó ò tó o lọ́wọ́, ó ń kọ́ àwọn Òyìnbó ní èdè Yorùbá kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún 1924, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Evening News, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn ní Nàìjíríà jáwọ́ nínú jíjẹ èèyàn. Ọdún yẹn ni wọ́n ń ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ohun gbogbo láti ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí wá fún aráyé wò, títí kan èèyàn. Ẹ rò ó wò: ọdún ogún ṣáájú ìgbà náà, ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, ó sì ti fojú kan Ọba Edward Keje. Ìlú tí ọba wọn bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó, àwọn ni ìwé ìròyìn ń pè ní ajẹ̀ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, ó sọ pé irọ́ ni, ó sì sọ ohun tí irọ́ yẹn ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá. Ta ni ìyá onílé tó máa ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ tó máa gba ọmọ Nàìjíríà sílé lọ́sàn-án?

Lẹ́tà yìí ló gbé orúkọ ẹ̀ síta. Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà tó ti fìgbà kan jẹ́ ìyàwó Marcus Garvey, wá a rí. Nínú oṣù keje ọdún yẹn, àwọn méjèèjì àti akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan dá Nigerian Progress Union sílẹ̀. Wọ́n fi obìnrin náà jẹ Ìyálóde. Oyè tiwa, lórí ọmọ Jàmáíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù! Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹfà 1924, Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Yorùbá. Òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ Yorùbá lórí rédíò. Èyí ò bá máa jẹ́ nǹkan ìyangàn fún wa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ilé.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ará Sàró kó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún jọ, tí wọ́n ń kọ́ òfin, láti ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. J. B. Danquah ti Gold Coast wà nínú wọn. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní West African Students' Union. Ẹ kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ: WASU. Yorùbá ló jáde yẹn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wàásù náà ni wọ́n pe ìwé ìròyìn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1926. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ jù ni ilé tiwọn. Ní 1928 Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà sì ni. Àsìkò yìí ni Ṣólàńkẹ́ ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Ó ti di lọ́yà nígbà náà. Lọ́yà tó bá padà sílé láyé yẹn, ọba kékeré ni: iṣẹ́ ń dúró dè é, ìyàwó ń dúró dè é, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń dúró dè é. Ní 1929 ó padà wá sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbá ló gbé dání, kì í ṣe wíìgì lọ́yà. Ọdún mẹ́ta ló fi rin Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró, láti ìlú dé ìlú, ó ń bẹ ọba, ó ń bẹ oníṣòwò, ó ń bẹ àwọn ọ̀mọ̀wé, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé kí wọ́n dáwó fún ilé kan ní ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dé láyé. Ẹni tó bá ti gba owó ìdàgbàsókè ìlú rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa mọ ohun tí mò ń sọ.

Owó jọ. Ó tún rí aya, Ọpẹ́olú Ọbísànyà, wọ́n sì jọ padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1933 ilé náà ṣí, nọ́ńbà 62, Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, Ìyá Ọpẹ́olú ni màtírọ́ọ̀nù. Ọmọ tó bá dé láti Èkó, Accra tàbí Freetown rí bẹ́ẹ̀dì, ó rí oúnjẹ ilẹ̀ wa, ó rí ẹni tó máa sọ fún un irú àdúgbò tí kò gbọ́dọ̀ rìn dé lóru àti irú fọ́ọ̀mù tó yẹ kó kọ́kọ́ kún. Èmi gbà pé ìyàwó yẹn ṣiṣẹ́ ju ìyìn tó gbà lọ. Àwọn ìwé ìtàn ń ka ìpàdé àti lẹ́tà. Ta ló ń ka abọ́ tí èèyàn fọ̀?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé níbi tí ojú wọn ò tó. Ní 1934 wọ́n ṣí ilé tiwọn, Aggrey House. WASU ní ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ àwọn, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Ìjà náà le. Ṣùgbọ́n ilé ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ igi gbígbẹ, nígbà tó yá wọ́n gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba yẹn náà, ní 1938 wọ́n sì ra ilé tó tóbi jù lọ́wọ́ Camden Square. Àwọn kan bú Ṣólàńkẹ́ nítorí ẹ̀. Èmi ò bú u. Ilé tí ọmọ ọlọ́mọ ń sùn sí, òrùlé ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jò nítorí ìgbéraga.

Inú ilé yìí ni òṣèlú ti gbóná. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, tó wà nínú ìjọba Churchill, wá bá wọn sọ̀rọ̀ pé ìlérí òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí kan gbogbo ẹ̀yà èèyàn. Kò pẹ́ tí Churchill ní àwọn ará Yúróòpù lòun ní lọ́kàn. Ní 1942 WASU kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ara rẹ̀ kíá, kí òmìnira pátápátá sì dé láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Lẹ́yìn ogun, Kwame Nkrumah náà di ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́.

Ìparí rẹ̀ ò dùn tó ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1944 Ṣólàńkẹ́ tún gbé igbá, ó rin ilẹ̀ wa fún bí ọdún mẹ́rin nítorí ilé mìíràn. Nígbà tó fi padà dé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ ò rí tiẹ̀ rò mọ́. Wọ́n ní àgbà ni, ó lágídí, ọ̀nà ẹ̀ ti pẹ́ jù. Kò purọ́ pé ó lágídí. Ó yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó ń bá ilé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, òmìnira ku ọdún méjì. Ọdún yẹn náà ni ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn wọ Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, orin ló lọ kọ́ ní Trinity College of Music. Fẹlá nìyẹn.

Àwọn ìwé Ṣólàńkẹ́ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó, ní Akọka, ẹni tó bá ráyè lè lọ wò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí àwọn tó gbé Camden Road kọ sílé, ọ̀dọ̀ wa ló wà, nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà, ní Ìtòkò, ní Ìjàyè, ní Òwu, ní Ìbarà. Tí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́ tí ẹ rí ìwé tàbí fọ́tò tí wọ́n kọ WASU sí lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun ún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, tẹ̀yìn-tiwájú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Ní ti ọmọ wa tó ń lọ fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù rẹ̀ máa balẹ̀. Ẹni tó máa lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú ti wà. Kóòtù òtútù ló kù. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò mọ́, kó kàn sí ìyá rẹ̀.